Àánú Ọlọ́run Nínú Ìwé Mímọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Pobè àti Sakété ní àkókò ayẹyẹ jùbílì

  

Jùbílì ni a pé jọ láti ṣe. A ti dá owó, a ti ra aṣọ, a ti kọ́ orin, a ti tún ilé Ọlọ́run ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó jókòó ti oúnjẹ, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ohun tí jùbílì jẹ́ gan-an. Inú Ìwé Mímọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní èdè Hébérù, yobel ni wọ́n ń pe ìwo àgbò tí wọ́n ń fun bí fèrè. Bí ẹ bá ṣí ìwé Lẹ́fítíkù, orí 25, ẹ óò rí i pé nígbà tí ó bá di ọdún 50, wọn a fun fèrè náà já gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ẹni tí òṣì mú kí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ yóò gba ilẹ̀ náà padà. Ẹni tí ó ti ta ara rẹ̀ di ẹrú yóò padà sí agboolé rẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń fun fèrè náà? Ẹsẹ 9 sọ ọ́ fún wa: Ọjọ́ Ètùtù ni, ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, inú àánú ni jùbílì ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ìdáríjì, ayẹyẹ lè wà níbẹ̀, ìlù lè dún níbẹ̀, ṣùgbọ́n jùbílì kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi yàn láti bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lónìí: pé ẹni tí ó bá fi sùúrù ka Ìwé Mímọ́ yóò bá ìfẹ́ àti àánú Ọlọ́run pàdé níbẹ̀; àti pé àánú tí a bá rí níbẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan, ti ẹni tí a ń pè ní ọ̀tá wa ni pẹ̀lú.

1. Bí Ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1861 ni Fadá Francesco Borghero, ọmọ Ẹgbẹ́ Àwọn Míṣọ́nnárì Áfíríkà tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ní 1864, iṣẹ́ náà dé Porto-Novo. Láti Porto-Novo ni ọ̀nà ti gba Sakété lọ sí Pobè, ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọ̀nà ọjà ní àkọ́kọ́, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn náà. Ìhìnrere náà sì wọ ilẹ̀ àwa Nàgó. Àwọn Fadá wọ̀nyí kò rò pé èdè wa kò tó ohun tí a lè fi sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Fadá Noël Baudin, ọ̀kan nínú wọn, jókòó ti èdè Yorùbá títí ó fi kọ ìwé gírámà rẹ̀. Ní 1928, ọmọ Nàgó kan, Thomas Moulero, ọmọ Kétou, di àlùfáà, ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ Dahomey. Ní 1954 ni a dá díọ́sísì Porto-Novo sílẹ̀.

Ó yẹ kí á dárúkọ ẹlòmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, nítorí pé gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Samuel Ajayi Crowther ni. Ọmọdékùnrin ni ó wà nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ẹrú. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, tí wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni ó ti gba ìrìbọmi ní 1825. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọkùnrin yìí jókòó láti tú Ìwé Mímọ́, ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde láti ọwọ́ rẹ̀, ní 1850, ni ìwé tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ sí àwọn ará Róòmù, ìwé tí ó ń sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ṣẹ̀ àti pé oore-ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ń gbani là. Nígbà tí ó fi máa di 1884, odindi Bíbélì ti di èdè Yorùbá. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará mi: ẹni tí ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tà bí ẹran ni ó wá àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa àánú àti ìdáríjì lédè wa. Ó mọ iye tí àwọn ọ̀rọ̀ náà tó.

Ìjọ Mímọ́ fúnra rẹ̀ ti wí fún wa pé kí á kà á. Ìpàdé Àgbáyé Vatican Ẹlẹ́ẹ̀kejì, nínú ìwé rẹ̀ Dei Verbum tí ó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1965, pàṣẹ pé kí ọ̀nà dé ibi Ìwé Mímọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo onígbàgbọ́. Ó rán wa létí ẹ̀kọ́ Jẹ́rómù Mímọ́ pé ẹni tí kò bá mọ Ìwé Mímọ́, kò tíì mọ Kírísítì. Ní 2019, Póòpù Francis ya ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú àkókò ọdún lásán sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ mọ́ pé Bíbélì kíkà jẹ́ ti ìjọ kejì, pé tiwa ni rosárì. Tiwa ni méjèèjì. Kí ni àwọn ohun ìjìnlẹ̀ tí a ń ṣe àṣàrò lé lórí nínú rosárì bí kò ṣe ìtàn Ìhìnrere?

2. Ìyọ́nú: ọ̀rọ̀ tí ó ti inú wá

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí Ìwé Mímọ́ bá ń sọ nípa àánú Ọlọ́run ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan tí ó sábà máa ń lò ni rahamim. Àwọn onímọ̀ fi yé wa pé ó bá rehem tan, èyí tí í ṣe ilé ọmọ nínú obìnrin. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì ṣàlàyé èyí nínú ìwé tí ó kọ lórí àánú Ọlọ́run ní 1980. Àánú Ọlọ́run dà bí ohun tí ń ṣe ìyá nígbà tí ó bá gbọ́ igbe ọmọ tí ó gbé nínú oyún. Kì í ṣe ìrònú ni. Inú ni ó ti ń wá.

Ǹjẹ́ èyí jẹ́ àjèjì sí àwa Yorùbá? Kò jẹ́ àjèjì rárá. Àwa náà ń pe àánú ní ìyọ́nú. Inú ni ó ń yọ́, bí òrí ti ń yọ́ nínú oòrùn. Àwọn baba wa mọ̀ pé àánú kì í ṣe ti orí, wọn kò sì pè é ní ti ọwọ́; wọ́n ní inú ni. Wọ́n sì tún sọ pé ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà ti dá ọ̀ràn, ìlú ti pariwo, síbẹ̀ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni yóò gùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ ka Ẹ́ksódù orí 32 dé orí 34 papọ̀. Ísírẹ́lì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú, Mósè sì wà lórí òkè síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yá ère ọmọ màlúù tí wọ́n sì ń jó yí i ká. Wàláà òfin fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni Ọlọ́run tún pe Mósè gun òkè, tí ó sì kéde orúkọ ara rẹ̀ níwájú rẹ̀ pé aláàánú ni òun, tí kì í tètè bínú, tí ìfẹ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa ni wọ́n gbọ́ orúkọ yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ba ohun gbogbo jẹ́ ni. Bí ẹ bá lọ sí ọ̀dọ̀ wòlíì Hóséà, orí 11, ẹ óò rí Ọlọ́run tí ń sọ̀rọ̀ bí òbí tí ó di ọmọ lápá mú láti kọ́ ọ ní ìrìn, tí ọmọ náà sì dàgbà tán tí ó kẹ̀yìn sí i. Ó fẹ́ bínú, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà fún un. Wòlíì Àìsáyà, orí 49, tilẹ̀ sọ pé bí ìyá bá lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀ pàápàá, Ọlọ́run kò ní gbàgbé.

Nínú Ìhìnrere Lúùkù, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà tí ó túmọ̀ sí pé inú ẹni yọ́ farahàn nígbà mẹ́ta péré: nígbà tí Jésù rí opó ìlú Náínì tí ń sin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí ará Samáríà rí ẹni tí olè ṣe léṣe, àti nígbà tí baba rí ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù. Opó tí ó ń sọkún, àlejò tí ó gbọgbẹ́, ọmọ tí ó ṣẹ̀: gbogbo wa ni Lúùkù kó jọ síbẹ̀.

3. Ìwé náà kì í ṣe oògùn

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa bí ọmọ inú ilé kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní Bíbélì, ṣùgbọ́n abẹ́ ìrọ̀rí ni ó ń gbé. A fi ń lé àlá burúkú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Sáàmù 35 àti Sáàmù 109 lórí, tí kò sì mọ Sáàmù 51 tàbí Sáàmù 103. Wọn a dìde lóru, wọn a tan àbẹ́là, wọn a gbé omi kalẹ̀, wọn a sì máa fi orúkọ ọmọ ìyá wọn sínú ẹsẹ tí ó bá ń sọ nípa ọ̀tá.

Èmi kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọmọ ń ṣàìsàn, ọjà kò tà, àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ènìyàn ń wá ibi ààbò. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run kò sì kọ̀ kí á sá di òun. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ ni ohun tí ń pàṣẹ pé kí nǹkan ṣẹ. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ni agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa kọ́ ni a ń pàṣẹ fún un, òun ni ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ọfọ̀, a ti di etí wa sí ohun tí ó fẹ́ wí.

Kí wá ni àwọn Sáàmù ìbínú wọ̀nyẹn ń ṣe nínú Ìwé Mímọ́? Igbe ẹni tí a ni lára ni wọ́n. Ẹni náà kò fi ìrora rẹ̀ pamọ́ fún Ọlọ́run, kò ṣe bí ẹni pé inú òun dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe: ó kó ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá Onídàájọ́, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò mú ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá kà wọ́n báyìí yóò dé ọ̀dọ̀ Jésù lórí àgbélébùú, ẹni tí ó tọrọ ìdáríjì fún àwọn tí ń kàn án mọ́gi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn lára rẹ̀ (Lúùkù 23). Ibẹ̀ ni gbogbo Sáàmù ń lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní Sáàmù 109 tí kò sì dé Gọ́lgọ́tà, ààbọ̀ ọ̀nà ni ó wà.

4. Jónà tí kò fẹ́ kí Ọlọ́run ṣàánú

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ẹ̀kọ́ yìí ti le tó, kí ó ka ìwé Jónà. Orí mẹ́rin péré ni. A lè kà á tán kí ìkòkò tó hó lórí iná. Ẹja ńlá inú rẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja ni ìwé náà ń sọ.

Nínéfè jẹ́ ìlú ńlá àwọn ará Asíríà, àwọn tí ó pa ìjọba Ísírẹ́lì ti àríwá run ní nǹkan bí ọdún 722 ṣáájú ìbí Kírísítì, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Kí á lè mọ bí ó ti rí lára Jónà, ẹ jẹ́ kí á mú un wá sí ilẹ̀ wa. Ní 1886, ọmọ ogun Dahomey fọ́ ìlú Kétou. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ. Ẹ fojú inú wo ọmọ Kétou kan ní ọdún náà, tí ilé rẹ̀ ti jóná, tí Ọlọ́run sì wí fún un pé: dìde, lọ sí Abomey, lọ wàásù fún wọn, kí wọ́n lè ronú pìwà dà, kí èmi má baà pa wọ́n run. Èwo nínú wa ni yóò lọ? Àwa náà ìbá wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí ibòmíràn.

Ìdí tí Jónà fi sá nìyẹn. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù. Ó sọ ọ́ jáde fúnra rẹ̀ ní orí kẹrin: ó mọ̀ pé aláàánú ni Ọlọ́run, ohun tí ó sì ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ àánú náà fún ara rẹ̀ nínú ikùn ẹja. Kò fẹ́ ẹ fún Nínéfè. Ó jókòó sẹ́yìn ìlú, ó ń retí iná. Ọlọ́run sì bi í ní ìbéèrè kan: ìwọ káàánú igi tí ìwọ kò gbìn, ṣé kí èmi má káàánú ìlú tí ó ní ènìyàn tí ó ju 120,000 lọ, tí wọn kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti àwọn ẹran ọ̀sìn wọn pẹ̀lú? Orí ìbéèrè yẹn ni ìwé náà parí sí. A kò gbọ́ ohun tí Jónà dáhùn, nítorí pé àwa tí ń kà á ni ó kù láti dáhùn.

Ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ọdún 42 péré lẹ́yìn tí Kétou fọ́, ọmọ Kétou di àlùfáà fún gbogbo ènìyàn Dahomey, ọmọ Kétou àti ọmọ Abomey lápapọ̀. Fadá Moulero kò gbàgbé ìtàn ìlú rẹ̀; ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà parun. Àánú kì í ṣe ìgbàgbé. Ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún òun, tí ó sì fi Ara Kírísítì sí ọwọ́ ọmọ ẹni tí ó ṣe é, ni ó mọ ohun tí àánú jẹ́.

5. Baba tí ó sáré

Gbogbo wa ni ó mọ ìtàn ọmọ tí ó gba ogún rẹ̀ lọ, tí ó sì ná an tán nílẹ̀ òkèèrè (Lúùkù 15). Ohun méjì ni mo fẹ́ kí á kíyè sí.

Àkọ́kọ́, baba náà sáré. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Kí ni ó ń lé bàbá arúgbó yìí lójú gbogbo ìlú? Ìyọ́nú ni. Ọmọ náà ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jọ láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́ tán, baba ti ké sí àwọn ìránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé aṣọ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ tí ẹ ti wá síbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ ń dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìtìjú, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ wí kò tó nǹkan lójú ẹni tí ó ti rí yín láti òkèèrè.

Èkejì, ọmọ méjì ni baba náà bí. Ẹ̀gbọ́n kò lọ sí ibì kankan. Ó ṣiṣẹ́, ó gbọ́ràn, kò sì wọlé sí àsè. Kò pe àbúrò rẹ̀ ní àbúrò. Ọmọ rẹ yìí ni ó pè é níwájú baba. Ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwa tí a kò kúrò nílé rí, àwa ọmọ ẹgbẹ́, àwa akọrin, àwa tí orúkọ wa wà nínú ìwé jùbílì. Ẹ kíyè sí i pé baba jáde tọ òun náà lọ. Ó jáde nígbà méjì ní ọjọ́ kan náà, nítorí pé ọmọ méjèèjì ni ó sọnù. Nínú ìtàn yìí bákan náà, a kò gbọ́ bóyá ẹ̀gbọ́n wọlé.

6. Bí a ṣe lè kà á

Ẹ̀yin ará Pobè mọ ọ̀pẹ dáadáa. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní ìlú yín. Ẹ mọ̀ pé ẹyìn kì í di epo láì fojú winá. Ẹ tún mọ̀ pé lẹ́yìn tí a bá fún epo tán, èkùrọ́ ṣì kù, inú rẹ̀ ni àdín wà, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù láti pa á kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ rí.

Láti ìgbà pípẹ́ ni Ìjọ ti ní ọ̀nà tí ó ń gbà kà á. Ní ọ̀rúndún 12, mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Guigo tò ó sí ipele mẹ́rin. Èkíní ni kíkà: ka ẹsẹ díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o sì tún un kà. Èkejì ni àṣàrò: bi ara rẹ léèrè ohun tí Ọlọ́run ṣe níbẹ̀, àti ẹni tí ìwọ jẹ́ nínú ìtàn náà. Ẹ̀kẹta ni àdúrà: dá Ọlọ́run lóhùn. Ẹ̀kẹrin ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́: jókòó tì í láìsọ nǹkan kan, bí ọmọ tí ó yó ti ń jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún un.

Ibo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀? Orí 24 ni ó wà nínú Ìhìnrere Lúùkù. Bí agboolé kan bá ka orí kan lálẹ́ kan, wọn yóò kà á tán kí oṣù tó pé. Kí ẹni tí kò mọ̀wé má sọ pé kò kan òun; Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa nínú ìwé Róòmù, orí 10, pé nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Kí ọmọ kà á fún ìyá rẹ̀ àgbà, kí ìyá àgbà sì sọ ohun tí ó gbọ́ nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ́ ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa ń fi kàwé nílé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè ka Yorùbá tí wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n sì kọ́ àmì ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́ yóò ka ìtàn tí ó yàtọ̀ sí èyí tí Ọlọ́run fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Mímọ́ ní Mísà, ẹ kà á nílé kí ẹ tó kà á fún wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àánú kan ṣoṣo ní ọjọ́ náà wà láàárín wa.

7. Èso rẹ̀

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a ti rí àánú Ọlọ́run nínú Ìwé náà? Ẹ jẹ́ kí á wo òwe tí Jésù pa ní Mátíù, orí 18. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan tó owó iṣẹ́ nǹkan bí 6,000 ọjọ́. Gbèsè náà jẹ́ owó iṣẹ́ 60,000,000 ọjọ́. Kò sí ẹni tí ó lè san án. Ọba fi jì í. Ó jáde, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ ẹ́ ní owó iṣẹ́ 100 ọjọ́, ó sì fún un lọ́rùn. Owó iṣẹ́ 100 ọjọ́ kì í ṣe owó kékeré. Jésù kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún wa kò dùn wá. Ohun tí ó sọ ni pé kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a fi jì wá.

Nítorí náà, kí jùbílì yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, kí olúkúlùkù wa wá ohun kan ṣe. Ẹni tí òun àti àbúrò rẹ̀ kò kí ara wọn mọ́ nítorí ilẹ̀ baba wọn, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí ó fi ohun ìní aláìní pamọ́ nítorí gbèsè kékeré, kí ó dá a padà, nítorí ohun tí fèrè jùbílì ń wí nìyẹn. Ìyá arúgbó tí a ń pè ní àjẹ́ nítorí pé ọmọ kan kú ní agboolé, tí ẹnikẹ́ni kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí á lọ jókòó tì í, kí á sì jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ń wúwo lọ́kàn ẹnikẹ́ni, kí ó tọ Fadá lọ. Nígbà tí Póòpù Benedict XVI wá sí ilẹ̀ wa ní 2011, Ouidah ni ó ti fọwọ́ sí ìwé Africae Munus, ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá. Ìlàjà, òdodo àti àlàáfíà ni ìwé náà fi ránṣẹ́ sí gbogbo Áfíríkà. Láti ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde lọ. Kò yẹ kí a wá a tì ní ilé wa.

Àwọn àgbà wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run ni Kírísítì. Ẹni tí ó bá ṣí Ìwé náà yóò rí ọwọ́ náà tí a nà sí i. Kí ó má fi ọwọ́ tirẹ̀ ti ẹlòmíràn sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Ọlọ́run Baba wa, ìwọ tí inú rẹ yọ́ sí wa kí a tó mọ̀ ọ́n, ṣí ojú wa sí Ọ̀rọ̀ rẹ, ṣí etí àwọn tí kò lè kà á, sì ṣí ọwọ́ àwọn tí ó ti gbọ́ ọ. Rántí àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá fún wa, àwọn tí a mọ orúkọ wọn àti àwọn tí ìwọ nìkan mọ̀. Fún àwọn òkú wa ní ìsinmi, fún àwọn ọmọ wa ní ìgbàgbọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí àsè bá ń lọ lọ́wọ́. Nípasẹ̀ Kírísítì Olúwa wa. Àmín.

Kí Olúwa bùkún Pobè, kí ó bùkún Sakété, kí ó sì bùkún gbogbo ilé wa.